Àwòrán Tó Kù ní Ilé Sinimá

Láti ọjọ́ tí Rájì, àbúrò Mọnsúrátù, ti sọnù sí ilé sinimá àwọn Faransé ní Kétu ni obìnrin náà ti ń ra àwọn àwòrán fíìmù tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ jọ. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí fíìmù tán ná," lọ̀rọ̀ tó gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọmọ náà.

Ó ń rí i nínú wọn, lẹ́yìn àwọn òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń rà wọ́n ni Rájì ń sún mọ́ iwájú. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀la ni wọn yóò wó ilé náà, ó sáré lọ nírọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ fún bàbá tó ń ṣọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi ní èyí tó kù."

Bàbá yọ ọ́ lára ògiri. "Gbà, kó o tètè jáde. Ẹ̀rọ yẹn tún ti ń dún."

Lóòótọ́, nǹkan ń dún nínú gbọ̀ngàn tí kò níná. Mọnsúrátù wo àwòrán náà títí. Àwọn òyìnbó nìkan ló kù níbẹ̀, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bú sẹ́kún.

Ìró náà dákẹ́. Ọwọ́ kékeré kan, tó tutù bí omi àmù, di tirẹ̀ mú.

"Àǹtí mi, ó ti tán. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."