Àyàfi Tí Adájọ́ Petelo Fi Kún Òfin

Fuatino jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Pulemau nílùú Apia, ó gbé ìwé lé itan, ó ń kọ ohun tí bàbá ń sọ. Àgbà amòfin tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè di bírò mú mọ́. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ṣàlàyé ìdájọ́ nínú ìwé ìròyìn. Àmọ́ láti oṣù mẹ́ta báyìí, ìdájọ́ kan ṣoṣo ló dojú kọ.

Lọ́dún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, àwọn ìjòyè lé ìdílé Fuatino kúrò lábúlé wọn ní erékùṣù Savai'i nítorí pé bàbá tó bí i dá ìjọ tuntun sílẹ̀. Adájọ́ kan fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, adájọ́ àgbà mẹ́ta yóò sọ bóyá ìdájọ́ yẹn ṣì dúró. Tó bá ṣubú, Fuatino á lọ sílé.

"Kọ ọ́," bàbá ní. "Ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ pé kí oníkálùkù sin Ọlọ́run bó ṣe wù ú. Adájọ́ Petelo Sio ní àyàfi táwọn ìjòyè kò bá fẹ́. Níbo ló ti rí àyàfi yẹn? Kò sí nínú ìwé. Àpò ara ẹ̀ ló ti yọ ọ́!"

Fuatino bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ rọra o! Ṣé kí n yọ orúkọ ọkùnrin náà kúrò?"

"O ò gbọdọ̀! Kọ ọ́ gàdàgbà. Kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni. Ó ti jẹun yó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oorun ń kùn ún, ó kàn fẹ́ tètè parí ni."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Kí ló fi ṣe yín gan-an, Bàbá?"

"Ó bà mí nínú jẹ́," bàbá ní, ó sì ní kó bá òun bu omi wá.

Nígbà tí Fuatino gbé àkọsílẹ̀ náà dé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, olóòtú kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé òun fúnra ẹ̀ ló ní kó o kọ orúkọ yìí?"

"Òun ni. Gàdàgbà ló ní kí n kọ ọ́."

Olóòtú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Bàbá yìí ò ní fẹ̀rín pa èèyàn!"

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta da ìdájọ́ náà nù. Fuatino pariwo débi pé ọlọ́pàá kóòtù ní kó jókòó, kò jókòó. Ó sáré lọ bá bàbá. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ha, Bàbá, ẹ̀rín ló yẹ ká máa rín!"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di ẹja sísun àti kókò sínú agbọ̀n, ó kọ orúkọ Petelo Sio lé e, ó gbé e lọ bá akọ̀wé kóòtù, ìyá arúgbó kan tó ti wà níbẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹnu ń yún un láti fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màmá, ẹ bá mi fún un, tó bá ṣì wà láyé. Ẹ ní Fuatino ti ń lọ sílé, kó jẹ ẹ́, kó sì sùn dáadáa!"

Ìyá náà wo orúkọ náà, ó wo Fuatino. "Ṣebí ìwọ lò ń bá Bàbá Pulemau kọ̀wé?"

"Èmi ni, mà."

"Gbé e padà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, ọmọ mi," ìyá náà ní, ó rọra ti agbọ̀n náà padà sí i, "láti ọjọ́ tó ti kúrò lórí àga adájọ́ tó sì joyè Pulemau, kò sẹ́ni tó pè é ní Petelo mọ́."