Ọláníyì àti Wáyà Kejì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, pàápàá ẹni tó bá ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán.

1.
Lọ́dún 1999, Mùnírátù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àkíbù, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sí Igbó-Ọrà, lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ilé kékeré méjì ló kọjú síra, àgbàlá wà láàárín wọn. Kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lápá kan, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo wọn wà lápá kejì. Àpótí kan tí wọ́n ń pè ní súwíìṣì wà lápá kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe èyí tá a fi ń tan iná o! Inú rẹ̀ ni wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ń wọ̀ kí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wáyà kan ṣoṣo ló sì so àpótí méjèèjì pọ̀.

Ọláníyì ló ń tọ́jú wọn. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n "mi ò mọ̀" kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ já wáyà àgbàlá jẹ, iṣẹ́ dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Ọ̀gá Ewúrẹ́". Ó dùn ún wọra.

2.
Ìyá Àkíbù ránṣẹ́ pe Rebecca, ẹńjiníà tó wá láti Ìbàdàn so àwọn kọ̀ǹpútà náà nígbà àkọ́kọ́. Rebecca tún wáyà ìsàlẹ̀ ṣe, ó sì na wáyà kejì gba orí òrùlé. Ó ki orí rẹ̀ kan bọ àpótí òdìkejì, ó wá fi orí tó kù kọ́ sára ìṣó nínú yàrá iṣẹ́ Ọláníyì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tibẹ̀.

"Bùrọ̀dá Ọláníyì, ẹ gbọ́ o. Wáyà kan ṣoṣo ni kó máa ṣiṣẹ́. Tí ti ìsàlẹ̀ bá já, ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó ki èyí bọ àpótí. Ẹ ò gbọdọ̀ ki méjèèjì pọ̀."

"Kí ló dé? Ṣé méjì ò lágbára ju ọ̀kan lọ ni?"

"Rárá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kọ̀ǹpútà máa ń ké sí gbogbo ilé. Tí wáyà bá ti di méjì, àpótí tọ̀hún á gbà á lọ́nà kìíní, á dá a padà lọ́nà kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa dá a padà fún ara wọn tí kò ní tán, títí ọ̀rọ̀ mìíràn ò fi ní ráyè kọjá. Àwọn àpótí kan wà tó lè fúnra wọn ti ọ̀nà kan pa. Tiyín yìí ò lè ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa bá a ṣe é."

Ọláníyì ní òun ti gbọ́. Etí ló gbọ́, ọkàn ò gbà. Ṣẹ́ ẹ rí i, ìbejì ni. Táyé rẹ̀ kú ní kékeré, àmọ́ títí tó fi dàgbà, bí ìyá rẹ̀ bá ra àkàrà fún un, á ra ti Táyé náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́ ìbejì nílùú wọn. Gbogbo ìgbà tó bá ti rí wáyà yẹn lára ìṣó, ńṣe ló máa ń kùn: "À ń bọ́ ìkan, à ń febi pa ìkejì. Irú kí lèyí?"

3.
Àwọn olùyẹ̀wò wá ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa fọwọ́ sí ní gbogbo Ìbàràpá. Èyí tí wọn ò bá fọwọ́ sí, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ò níyì níbi kankan. Ìyá Àkíbù gbààwẹ̀ nítorí ọjọ́ náà.

Láàárọ̀, Ọláníyì wo wáyà àgbàlá, ó rántí ewúrẹ́. Ojú ò ní ti òun níwájú àlejò, ó ní. Ló bá mú wáyà ara ìṣó, ó kì í bọ àpótí, ó sì fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Iná ara àpótí ń ṣẹ́jú wéréwéré láìsinmi. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé agbára ti pọ̀ sí i nìyẹn.

Àlejò dé. Wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣí iṣẹ́ wọn. Kò ṣí. Gbogbo kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Àìná, ọmọbìnrin tó ń wá láti Igangan, bú sẹ́kún.

"Ọláníyì, kí lo fọwọ́ kàn?" Ìyá Àkíbù bi í.

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, mà. Bóyá iná ni ò dúró dáadáa."

Ó pa wọ́n, ó tàn wọ́n, pàbó ni. Ìyá Àkíbù bẹ́ sórí ọ̀kadà, ó lọ síbi tí tẹlifóònù wà, ó bá Rebecca sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa padà dé, òógùn ti bò ó.

"Rebecca ní kí n bi ọ́: ṣé wáyà kan wà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ki bọ àpótí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, ibí ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ló yé Ọláníyì. Ṣùgbọ́n àwọn olùyẹ̀wò ń wò ó, àwọn tó ń pè é ní Ọ̀gá Ewúrẹ́ náà ń wò ó. Ó gbójú sókè, ó ní, "Rárá, mà."

Ọ̀gá àwọn olùyẹ̀wò wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ń retí wa ní Ṣakí." Wọ́n wọkọ̀ wọn lọ.

4.
Bí ọkọ̀ náà ṣe kúrò, Ọláníyì sáré wọ yàrá, ó fa wáyà kejì yọ. Kíá, iṣẹ́ gbogbo wọn yọ sójú kọ̀ǹpútà.

"Ó ti ṣí! Ẹ pè wọ́n padà!" Àìná ń pariwo.

Ọ̀kadà lé wọn títí, kò bá wọn. Ìyá Àkíbù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí wáyà lọ́wọ́ Ọláníyì. Kò bú u, kò gbá a létí. Ó kàn ní, "Mo ṣáà bi ọ́."

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Èrúwà ni wọ́n fọwọ́ sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àìná ò rọ́nà dé Èrúwà, ó padà sóko ẹ̀gẹ́ ní Igangan. Kí ọdún tó parí, Ìyá Àkíbù ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Ọláníyì kó àgbààgbà lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá Àkíbù ní òun ti dárí jì í, tọkàntọkàn. Ìdáríjì náà ò sì ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra o. Ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ fọ́jọ́ ìṣòro, ẹ fi sílẹ̀ títí ìṣòro á fi dé. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá bi yín, torí àlejò ò ní dúró dè yín. Ọláníyì rí wáyà fà yọ. "Rárá" tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò rí i fà padà mọ́ láé.