Ọkọ̀ Iléṣà

"Ó ti kún, Màmá," ni obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ Jíbówú wí. Kò jẹ́ kí ojú òun àti ti ìyá àgbà náà ṣe mẹ́rin.

Látìgbà tí Ọláyíwọlá ti gbé ìyá rẹ̀ wá sí Sùúrùlérè, ibí yìí nìkan ni ìyá máa ń fẹ́ kó mú òun jáde lọ ní Sátidé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni Ọláyíwọlá ti bẹ olùta-tíkẹ́ẹ̀tì ní kọ̀rọ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún un pé ọkọ̀ ti kún. Mo ti ta ilé rẹ̀ ní Iléṣà ká lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kò mọ̀."

Lónìí, bí ọmọ ṣe lọ ra ọsàn, ìyá sún mọ́ fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì.

"O ṣeun, ọmọ mi. Máa bá mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti pè mí láti ilé pé ẹni tó ra ilé mi ti wó o. Tí Ọláyíwọlá bá mọ̀ pé mo ti gbọ́, ìtìjú ò ní jẹ́ kó lè wojú mi mọ́."

Ọláyíwọlá ti dé pẹ̀lú ọsàn bíbó lọ́wọ́.

Lẹ́yìn wọn, agbèrò figbe ta: "Iléṣà! Iléṣà! Ó ku ẹnì kan ká ṣí!"

Ojú Ọláyíwọlá yí padà bìrí.

Ìyá gba ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀.

"Wọ́n ló ti kún, ọmọ mi. Jẹ́ ká máa relé."