Kòtò Lukian

Àwọn tó ń fún kòtò ojú òṣùpá lórúkọ ní òfin kan tí wọn kì í yẹ̀: wọn kì í fi orúkọ alààyè sọ ọ́. Òfin yìí ló há Zenon lọ́fun.

Ilé ìwòràwọ̀ tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú wa ni Zenon ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn tó ń bójú tó orúkọ wọ̀nyí ní Moscow ní kí ó mú orúkọ onímọ̀ ìṣirò kan wá fún kòtò kan ní ẹ̀yìn òṣùpá, apá ibi tí a kì í rí láti ayé, ọ̀gá tó kọ́ ọ níwèé ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: Lukian Horbach. Lukian ló kọ́ ọ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀. Láyé Stalin, àwọn ọlọ́pàá wá láti mú Lukian nítorí ọ̀rọ̀ kan tó sọ ní kíláàsì. Wọ́n tú ilé rẹ̀ kanlẹ̀, wọn kò bá a. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí kóòtù rẹ̀ létí odò, gbogbo ìlú sì gbà pé ó ti bómi lọ. Melania ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò gbà, títí tí ewú fi gba gbogbo orí rẹ̀.

Moscow ní kò sí òkú, kò sí sàréè, nítorí náà kí ìyàwó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti kú. Bí yìnyín bá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ tí wọn kò gbọ́, kòtò náà di ti ẹlòmíràn.

Zenon bá Melania níbi tó ti ń bó ànàmọ́.

"Ìyá, gbólóhùn kan péré ni. Ẹ ṣáà ní wọ́n ti kú."

"Ta ló kú?"

"Ọ̀gá mi ni."

"Zenon, ṣé ohun tó o ní lẹ́nu wá sílé mi nìyẹn? Mo lọ́kọ. A kì í pe alààyè ní òkú."

"Ṣebí ìjọba ti dá wọn láre, Ìyá. Kò sẹ́ni tó tún ń wá wọn mọ́."

"Lukian ní òun ti gbọ́ irú ẹ̀ rí."

Zenon yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní òun yóò wá bá a tún òrùlé rẹ̀ ṣe, nítorí páànù ibẹ̀ ti ń ṣí. Melania ní rárá, òun sá ápù sí òkè àjà, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí Zenon ń lọ, ó fi fọ́tò kòtò náà sílẹ̀ lórí tábìlì, pẹ̀lú ìwé tó fi ṣírò bó ṣe jìn tó láti ara òjìji inú rẹ̀ àti bí oòrùn ṣe ga tó.

Paraska, tó ń gbé ní ilé kejì, dá a dúró lẹ́bàá ọgbà.

"Ṣé ó tún ní ọkọ òun sọ̀rọ̀?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ó mà ṣe o! Búrẹ́dì ẹni méjì ló máa ń rà. Ṣùgbọ́n kò gbé gíláàsì ọtí kalẹ̀ kó fi búrẹ́dì bò ó lórí fún ọkùnrin yẹn rí, bí a ti ń ṣe fún àwọn òkú wa. Báwo ni irú òkú bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ sinmi? Àfi kó máa rìn kiri."

"Òkú tó ń rìn kiri kì í jẹ búrẹ́dì, Ìyá Paraska."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ti bà ẹ́ lórí jẹ́."

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Zenon tún lọ. Melania dá fọ́tò àti ìwé náà padà fún un.

"Lukian ní o gbé oòrùn ga jù nínú ìṣirò rẹ. Ó ní kòtò yẹn ò jìn tó bó o ṣe kọ ọ́. Ó ní ìkánjú rẹ ọjọ́sí ò tíì fi ẹ́ sílẹ̀."

"Ìyá, ṣé wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀ lóòótọ́?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára ọ̀rọ̀ mọ́. Ikọ́ ò jẹ́. Àná, kò fẹnu kan ọbẹ̀."

Zenon padà sí ibi iṣẹ́, ó tún ìṣirò náà ṣe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ẹ̀rù bà á, irú ẹ̀rù tó ti gbàgbé láti kékeré, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń tan iná sílẹ̀ sùn. Kì í ṣe ọlá nìkan ló wá ń wá fún ọ̀gá rẹ̀ mọ́. Ó gbà pé bí wọ́n bá fi orúkọ náà sójú òṣùpá, ẹni tó ni ín yóò lè sinmi.

Òwúrọ̀ tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, Melania fi ẹsẹ̀ gun òkè wá sí ilé ìwòràwọ̀. Gèlè dúdú ló wé.

"Kọ̀wé sí wọn," ló wí. "Lukian ti kú."

Zenon bú sẹ́kún. Ó gbá a mọ́ra. Ó tẹ Moscow láago, ó sì ní kí Melania fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Ó sọ ọ́. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún pe orúkọ náà padà fún wọn, ó ní wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún kòtò náà. Zenon bu ọtí sí gíláàsì, ó fi ègé búrẹ́dì dúdú bò ó lórí, ó sì gbé e sí abẹ́ fọ́tò kòtò náà.

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí ẹ jọ̀wọ́ wọn. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n po tíì fún yín."

"Mi ò lè jókòó, ọmọ mi," ni Melania wí láti ẹnu ọ̀nà, "wá bá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà kí ara rẹ̀ tó le, àkàbà yẹn tóóró, èmi nìkan ò lè dá a gbé."