Iná Kò Dé Ìsàlẹ̀

Èèyàn mẹ́ta ti padà wá sí ilé ìtọ́jú eyín náà pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú. Ẹnì kẹrin, awakọ̀ kan, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ńlá. Ọrùn rẹ̀ wú débi pé agbára káká ló fi ń mí. Dókítà àgbà ti tú eyín àwọn mẹ́ta náà wò. Òkè ohun tí wọ́n fi dí i le bí òkúta, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi.

"Iṣẹ́ ọmọ àbúrò mi ni," ó sọ fún nọ́ọ̀sì. "Ó ń kánjú. Ó ń ki gbogbo ẹ̀ sínú ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tó ń mú un le ò lè dé ìsàlẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, sà."

Dókítà ló tọ́ ọmọbìnrin náà lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, òun náà ló rán an lọ kọ́ iṣẹ́ eyín, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dé eegun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ọmọ náà a fi èròjà funfun tí wọ́n fi ń dí eyín sínú ihò ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a tan iná búlúù sí i, a tún fi òmíràn lé e. Á wọ awò ojú aláwọ̀ ọsàn tó ń dáàbò bo ojú, á tẹjú mọ́ ẹnu iná náà láìṣẹ́jú.

Ojú ayé lásán, dókítà sọ nínú ara rẹ̀. Òun kì í wọ awò. Bí iná bá ti tàn, òun a kọjú sí ògiri títí iná náà yóò fi kú, torí ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rẹ̀ darúgbó kì í wo irú iná bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òun mọ ọ̀nà ẹnu ju ojú ẹlòmíì lọ, bó ṣe máa ń yangàn nìyẹn. Nígbà kan ọmọ náà ní kí òun bá a di iná mú, dókítà sì lé e jáde níwájú aláìsàn tó lanu sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyàwó dókítà jí pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú.

Eyín méjì ni wọ́n ti dí fún un lápá òsì. Ọkọ rẹ̀ dí ọ̀kan, ọmọ náà dí èkejì. Dókítà kò béèrè èwo ni ti ta. Èyí tó bá ń dùn ún, ti ọmọ náà ni. Ó mú un lọ sórí àga ìtọ́jú eyín, ó sì pe gbogbo òṣìṣẹ́ wọlé.

"Bàbá wọn, ẹ gbọ́ ná..." ni ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀.

"Má sọ̀rọ̀. Lanu dáadáa." Ó ti òwú sí i lẹ́nu. Obìnrin náà mirí, ó na ìka sókè. Ọkọ rẹ̀ rọra tẹ ọwọ́ náà sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ eyín han. Nígbà tó dákẹ́, dókítà fi irin tín-ín-rín gún ìsàlẹ̀ ihò náà. Irin wọlé wọ̀ọ̀, ohun rírọ̀ kan sì tẹ̀lé e jáde. Òórùn rẹ̀ gba yàrá kan.

"Ṣé ẹ rí i?" Ó gbé irin náà sójú ọmọ àbúrò rẹ̀. "Ìyá tó wẹ̀ ọ́, tó fún ọ lóúnjẹ, ohun tó o ṣe fún un nìyí. Àwọn ará ilé awakọ̀ yẹn náà á gbọ́. Bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀."

"Bàbá, èmi kọ́..."

"Mo ní kó o bọ́ ọ!"

Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. Ó bọ́ ẹ̀wù funfun náà, ó ká a, ó gbé e sórí àga, ó sì jáde. Obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ yọ òwú lẹ́nu.

"Bàbá wọn," ó ní, "eyín tí ẹ̀yin dí fún mi nìyí, lọ́jọ́ tí ẹ kọjú sí ògiri tí iná ń tàn sí mi lórí ahọ́n, tí ọmọ yẹn ní kí òun bá yín dì í mú, tí ẹ lé e síta."