Àga Ajẹ́lẹ̀ Nílé Ambrose

Ní Òde-Ayé, bí àlejò bá ń wá ilé Ambrose, àga ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀ fún un. Ọwọ́ Adébọ̀wálé ni àga náà wà báyìí. Ọwọ́ Philemon, bàbá rẹ̀, ló ti gbà á. Ambrose, bàbá-bàbá rẹ̀, ló sì gbé e wálé láti Okitipupa nígbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó bá ṣiṣẹ́ ń padà sí ìlú rẹ̀.

Àga gidi ni. Igi pupa ni wọ́n fi kàn án, apá rẹ̀ méjèèjì ká bí ìwo àgbò, àpótí kan sì wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀ tí wọ́n fi pátákó dídán dé lórí. Philemon máa ń sọ pé ibẹ̀ ni òyìnbó ń fi àṣírí ìjọba pamọ́ sí.

Iṣẹ́ tí Ambrose ṣe gan-an lọ́dọ̀ òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ yé ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe kúùkù, kì í ṣe ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá bi í, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Ohunkóhun tó bá ti inú òyìnbó jáde, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí i." Àwọn ará ìlú gbọ́, wọ́n mi orí. Ẹni tó mọ inú òyìnbó tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni à ń fojú di. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wá bá a, pé kó bá àwọn fi tó ajẹ́lẹ̀ létí. Ambrose ní òun àti ajẹ́lẹ̀ kì í bára wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ ò rí i bó ṣe ń pa àṣírí mọ́, wọ́n sì bu oko ọ̀pẹ fún un.

Títí Ambrose fi kú, kò jókòó sí àga náà rí. Ẹ̀yìnkùlé ló gbé e sí, adìẹ ń yé sínú àpótí rẹ̀. Philemon ní ọ̀wọ̀ ìjọba ni bàbá òun ń bù fún un. Bí wọ́n ṣe sìnkú tán, ó lé adìẹ, ó fi ọṣẹ fọ àga náà, ó gbé e wọ pálọ̀, ó sì jókòó.

Láti ìgbà náà ni nǹkan rẹ̀ ti ń lọ sókè. Epo oko ọ̀pẹ bí ọkọ̀ lọ́rí, lọ́rí bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ènìyàn ní kò sẹ́ni tó jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ tí kò ní lówó. Nígbà tó yá, lọ́rí já sódò lọ́nà Ìjù-Odò, ẹjọ́ sì jẹ oko ọ̀pẹ run. Philemon ta ohun gbogbo tán, ó ku ilé, ó ku àga.

Nígbà tó fi máa kan Adébọ̀wálé, ilé náà ti ń jò. Òun àti Charity ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe pupuru tà. Ní ọjọ́ kan, oníṣòwò ohun àtijọ́ kan wá láti Benin, ó ń fọwọ́ pa àga náà lára, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Charity bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó tà á, kí wọ́n lè tún òrùlé ṣe.

"Òrùlé lè jò," ni Adébọ̀wálé wí. "Àga yìí ni orúkọ wa."

Charity lọ gbé ike sábẹ́ ibi tó ń jò.

Lọ́dún yìí, ìjọ aládùúrà wọn fẹ́ yan Bàbá Ìjọ tuntun níbi ìkórè. Ẹni méjì ló ń du ipò náà: Adébọ̀wálé, àti Láyí tó ní ilé ìlagi, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń tan iná fún ìjọ. Bàbá Àpọ́sítélì láti olú ìjọ ni yóò yàn. Láyí ra àga onítìmùtìmù tuntun tí wọn kò tíì tú ọ̀rá ara rẹ̀, pé kí Àpọ́sítélì jókòó sí i. Adébọ̀wálé gbé àga ajẹ́lẹ̀ wá. Ó fi àdín pa á títí ó fi ń dán, ó sì ránṣẹ́ sí Màmá Dora ní Sapele.

Màmá Dora ni àbíkẹ́yìn Ambrose. Ó ti lọ sílé ọkọ kí bàbá rẹ̀ tó kú, kì í sì í wálé. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ló máa ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ohun tí Adébọ̀wálé bẹ̀ ẹ́ fún kò ju kó dìde níwájú ìjọ, kó jẹ́rìí sí irú ènìyàn tí Ambrose jẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó.

Lọ́jọ́ ìkórè, Àpọ́sítélì wọlé nínú aṣọ funfun, ènìyàn ńlá, ó ń làágùn. Ó kọjá lára àga Láyí, ó wo àga ajẹ́lẹ̀, ó sì fi gbogbo ara jókòó sí i. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń bẹ ìjọ wò, òun kò tíì rí ìjókòó tó tu òun lára báyìí, àti pé ẹni tó ni ín ni yóò jẹ́ Bàbá Ìjọ. Ìjọ hó yè. Láyí wolẹ̀. Omijé dà lójú Adébọ̀wálé. Ó fi ojú wá Charity láàárín èrò, Charity náà ń pàtẹ́wọ́. Ó wá na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Màmá Dora, ó ní, "Màmá, ẹ sọ fún wọn."

Màmá Dora wo àga náà pẹ́, ó wo ẹni tó wà lórí rẹ̀, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé, "Ẹ bá mi bi Bàbá Àpọ́sítélì bóyá wọ́n ti ṣe tán, nítorí bí ajẹ́lẹ̀ bá ti dìde lórí àga yẹn láràárọ̀ ni bàbá mi máa ń gbé ìgbẹ́ abẹ́ rẹ̀ lọ dà nù."