Ìtura Tí A Lé Padà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa.

Ọmọbìnrin kan dí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀ ní ọsibítù. "Nọ́ọ̀sì, mo ní ẹ máa gbé oògùn ìrora yín lọ. Ẹni tó ń kú lọ ni wọ́n ń pa ìrora fún. Ẹ ò bá kúkú gbé pósí dání."

"Àǹtí, àtìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ilé-ọmọ ló yẹ ká ti máa pa ìrora."

"Ìrora wo? Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń sùn jẹ́ẹ́?"

Nọ́ọ̀sì mi orí, ó sì lọ.

Ọmọ náà wọlé láti tún aṣọ bo ìyá rẹ̀. Etí aṣọ náà tutù, eyín sì ti dá a lu.

"Mi ò sùn," ni ìyá wí. "Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ igbe mi ni." Ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti fọwọ́ sí i láàárọ̀ pé òun ò gba abẹ́rẹ́ tó ń pa jẹjẹrẹ náà mọ́.

"Màmá, dókítà ní ó ń ṣiṣẹ́."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìrora yìí ni mi ò lè rù mọ́."

Ọmọ náà sáré jáde láìwọ bàtà, ó ń pe nọ́ọ̀sì.

Kí Olùtùnú tètè dé yàrá gbogbo ẹni tí ara ń ro. Àmín.